Máàkì Méjì àti Abọ́ Àbúrò Mi

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń wí i, ọmọ mi, má bá mi tún un ṣe.

Nínú àwa ọmọ ìyá mi, èmi àti àbúrò mi obìnrin kan ló kù. Ògbómọ̀ṣọ́ ló lọ́kọ sí, èmi wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí. Kí fóònù tó dé, abọ́ tánganran kan là ń rán síra wa. Màá bu irú sínú rẹ̀, màá fi aṣọ dì í, màá gbé e lọ sí gáréèjì fún awakọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Bí abọ́ bá padà, tí mo bá kaṣú díndín nínú rẹ̀, mo mọ̀ pé irú mi dé ọwọ́ rẹ̀. Ìyá wa ò jẹ́ ká dá abọ́ ẹnikẹ́ni padà lófìfo. Bí ò bá sí nǹkan kan nílé, ká bu iyọ̀ sí i.

Nígbà tí fóònù dé, ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ń kọ̀wé yìí lo kọ́ mi. O ní bí mo bá sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í lọ lódidi. Fóònù á gé e sí wẹ́wẹ́, á kọ ibi tó ń lọ àti nọ́ńbà sára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó débẹ̀, kí fóònù ẹni tó ń gbà á sì tò wọ́n pọ̀.

Mo ní, "Bí ọ̀kan bá sọnù lọ́nà ńkọ́?"

O ní wọ́n á tún un rán ni. Mo rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gáréèjì wa?

Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ máàkì tó ń yọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo bá rán. Máàkì kan: ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ wa, ó wà nínú ẹ̀rọ ńlá tó wà láàárín. Máàkì méjì: ó ti wọ fóònù rẹ̀. Bí méjèèjì bá di búlúù, wọ́n ti ṣí i.

Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ohùn àbúrò mi á wọlé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Èmi náà á dá a lóhùn: "Níbo ni kí n lọ, onísọkúsọ? Lọ tọ́jú orúnkún tìẹ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, ohùn ò wá. Mo rán tèmi. Máàkì kan. Ọ̀sán pọ́n, máàkì kan. Mo gbé fóònù lé itan, mò ń wò ó.

O ní, "Màámá Àgbà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Bóyá wọ́n pa fóònù wọn."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, máàkì di méjì, ó di búlúù. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ò wá. Lọ́jọ́ kejì, ìwé ló wọlé sórí fóònù dípò ohùn. O kà á fún mi: "Ara mi yá, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀fun ló ń dùn mí, mi ò lè sọ̀rọ̀."

Bàbá wa ò rán ìkankan nínú àwa méjèèjì lọ sílé ìwé.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ẹnìkan ló bá wọn kọ ọ́, Màámá Àgbà, bí èmi náà ṣe ń bá yín kọ."

O sọ ọ́ kíá, o ò sì wò mí lójú. Mo ní kó o pè é. Fóònù dún títí, ẹnikẹ́ni ò gbé e.

Ojoojúmọ́ ni ìwé ń wá lẹ́yìn ìyẹn. Mo bi ọ́ pé, "Ṣé máàkì yìí mọ ẹni tó gbé fóònù lọ́wọ́?"

O ní, "Rárá o. Fóònù nìkan ló mọ̀."

Mo bá gbé abọ́ jáde, mo bu irú sí i, o gbé mi dé gáréèjì. Awakọ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá, ayé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí lẹ ṣì ń rán abọ́?"

"Ṣáà bá mi gbé e débẹ̀."

Ọjọ́ kẹta ni abọ́ padà. Ìwé ti ṣáájú rẹ̀ dé: "Irú ti dé, ẹ ṣé gan-an." Wọ́n ti fọ abọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n fi aṣọ mi dì í dáadáa. Mo tú u. Mo fi ọwọ́ ra inú rẹ̀ yíká. Kò sí kaṣú. Kò sí iyọ̀.

Mo bi ọ́ pé, "Ọjọ́ wo ni wọ́n sin ín?"

O bú sẹ́kún. O ní ọjọ́ Àlàmísì yẹn náà ni, kí wọ́n tó kí ìrun ọ̀sán. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń kọ̀wé. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má tíì jẹ́ kí n gbọ́, kí àyà mi má baà já.

"Ohùn mi tí mò ń rán ńkọ́?"

"Wọ́n ń gbọ́ ọ, Màámá Àgbà. Gbogbo wọn ló ń jókòó gbọ́ ọ."

Mi ò bá ọ jà. Ohun tí èmi àti àbúrò mi ṣe fún ìyá wa náà nìyẹn nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin kú. A ní ó rin ìrìn-àjò. Ìyá wa ò bi wá léèrè rẹ̀ mọ́ títí tó fi lọ. Ìsinsìnyí ló ń yé mi pé ó mọ̀.

Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn àsùbáà, mo sọ̀rọ̀ sínú fóònù: "Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti fóònù rẹ̀ níbẹ̀, mo ti mọ̀. Ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́."

Oòrùn ti ń wọ̀. Bá mi wo máàkì rẹ̀, ọmọ mi, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́.

O ní máàkì kan ló ṣì wà níbẹ̀, kò tíì wọ fóònù rẹ̀.