Ẹṣin Igi Tí Kò Ní Iwájú

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, baba mi ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo ẹ̀yìn Ẹgbẹ́dá. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ sì yé fi ẹsẹ̀ ta iyẹ̀pẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí korò lẹ́nu mi, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ n kì í fẹ́ kí ẹnì kan dá mi dúró.

Àgbẹ̀ ni baba mi, ṣùgbọ́n bí a bá ti kórè tán, igi ni wọ́n máa ń gbẹ́. Odó, ìlẹ̀kùn, àpótí ìjókòó, èrúkọ́, kò sí èyí tí wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ère òrìṣà nìkan ni wọn kì í gbẹ́, nítorí mùsùlùmí ni wá. Ará Sàró kan, káfíńtà tó ń bá àwọn òyìnbó oníwàásù kọ́lé ní Ìbàdàn, ló wá ra pákó lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan, ló bá ní òun ti dé ìlú òyìnbó rí, pé òun rí ibi tí ẹṣin igi ti ń gbé ọmọdé yí po, tí orin ń dún lára rẹ̀. Baba mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irọ́ àwọn ará Sàró kò mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí i tí wọ́n ń fi igi ya ilẹ̀, tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀.

Wọ́n ri òpó ìrókò mọ́lẹ̀ níwájú ilé wa, wọ́n gbẹ́ orí rẹ̀ ṣóńṣó. Wọ́n gbé igi méjì tó dábùú ara wọn lé e, wọ́n dá ihò sí àárín rẹ̀, wọ́n fi òrí pa á kó lè máa yọ̀. Apá mẹ́rin ni igi náà wá ní, ẹṣin kan sì rọ̀ sí orí apá kọ̀ọ̀kan, ẹṣin tí wọ́n fi àràbà gbẹ́ kó lè fúyẹ́. Ti orin ló gba wàhálà. Wọ́n so agídìgbo mọ́ òpó tí kì í yí, wọ́n wá kan èèkàn kéékèèké sí abẹ́ igi tó ń yí, pé bí igi bá ti ń lọ, kí àwọn èèkàn máa ta irin agídìgbo. Lákọ̀ọ́kọ́, ariwo tó ń pa dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ wọ inú àwo. Wọ́n á yọ èèkàn, wọ́n á tún un kàn, ìyá mi á ní, “Ṣé oko ti gbàgbé yín ni àbí ẹ̀yin lẹ gbàgbé oko?” Àfi lọ́jọ́ kan tí ó bọ́ sí i! Orin tí ìyá mi fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún ló ń dún láti ara igi. Ìyá mi alára sáré jáde pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀lùbọ́.

Kí baba mi tó gbẹ́ àwọn ẹṣin náà, wọ́n bi àwa ọmọdé léèrè irú èyí tí a fẹ́. Ọmọ ilé kejì ní tòun gbọ́dọ̀ ní eyín. Òmíràn ní kí tòun máa wo ẹ̀yìn. Èmi ní kí tèmi kọ àbàjà bí èmi, wọ́n sì kọ ọ́ fún un lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, wọ́n fi irun àgbò ṣe gọ̀gọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti dàgbà ju ẹni tó ń gun ẹṣin igi lọ, òun ló ń tì í fún wa. Á máa sáré yí òpó po, á máa pariwo, “Ẹ yà lọ́nà! Ẹ yà lọ́nà!” bí ẹni pé ọba ń kọjá. Nínú gbogbo ọmọkùnrin tí ìyá mi bí, òun nìkan ló yè.

Ní ayé ìgbà náà, kò sí abúlé tí kò ní baba ogun nílùú, olóyè tí ilẹ̀ rẹ̀ là ń ro, tí a ń gbé iṣu fún, tó sì jẹ́ pé bó bá pe ọmọ wa sógun, ó ti pè é nìyẹn. Ẹ má bínú pé mo ń pe àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ní “ó”. Kò sí “wọ́n” lẹ́nu mi láti fún un. Ọ̀rọ̀ ogun Ìjàyè ti ń gbóná, ó sì ti ránṣẹ́ pé kí ilé kọ̀ọ̀kan yọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan sílẹ̀. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Baba mi gbé adìẹ, wọ́n gbé oyin, wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Àfìgbà tó wá wo iṣu rẹ̀ lóko tó rí ẹṣin ayípo wa. Ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí baba mi gbé e wá sí ojúde òun lọ́jọ́ Iléyá, pé àwọn olóyè mẹ́ta tó ju òun lọ ń bọ̀ wá bá òun jẹun, kí baba mi sọ ẹṣin igi wọ̀nyí di ẹṣin àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. “Bó bá dùn mọ́ wọn nínú, ọmọ rẹ á dúró tì ọ́ lóko.” Ó tilẹ̀ fi Ọlọ́run búra.

Bí wọ́n ṣe fi ọ̀bẹ ha àbàjà kúrò lójú ẹṣin mi nìyẹn. Mo ké, mo yíràá nílẹ̀. Ìyá mi ní kí n pa ẹnu mi dé, pé èmi ń sunkún ojú ẹṣin, òun ń wo ojú ọmọ òun. Baba mi rin ìrìn àjò lọ sí Ìbàdàn láti lọ wo ẹṣin olóyè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi ẹfun kun ti àgbà wọn, wọ́n fi èédú kun ti ìkejì, wọ́n fi ẹfun àti èédú ṣe àmì sára ti ìkẹta, wọ́n fi osùn kun ti baba ogun wa. Ẹni tó bá sì mọ àwọn olóyè ogun Ìbàdàn mọ̀ pé ipò ni ẹ̀mí wọn: ta ló kọ́kọ́ wọlé, ta ló kọ́kọ́ bu òkèlè, ẹṣin ta ló wà níwájú. Kí baba mi má baà ṣìṣe, wọ́n to ẹṣin náà bí ipò ṣe rí gẹ́lẹ́, funfun ṣáájú, dúdú tẹ̀lé e, alámì tẹ̀lé dúdú, pupa kẹ́yìn. Gbogbo abúlé wò ó, gbogbo wa ní ó dára. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rántí pé ohun tó bá ń yí po, ẹni ẹ̀yìn náà ló máa ń wà níwájú ẹni iwájú.

Lọ́jọ́ Iléyá, a ti ri òpó náà mọ́ ojúde baba ogun wa, àwọn ọmọ olóyè gun àwọn ẹṣin náà, ẹ̀gbọ́n mi ń tì í, orin ń dún. Àwọn olóyè jókòó lórí ẹní, ẹran àgbò wà níwájú wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Baba ogun wa wo baba mi, ó mi orí sí wọn. Ìyá mi fún ọwọ́ mi pọ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ní, “Alhamdulilahi.” Àfi bí ìránṣẹ́ olóyè kejì ṣe la ẹnu rẹ̀: “Ẹ wò ó o! Ẹṣin onílé ló ń ṣáájú, ẹṣin baba wa àgbà ń sá tẹ̀lé e!”

Àwọn olóyè gbé òkèlè wọn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́, ó ṣì ń tì í lọ, ó ń pariwo ẹ yà lọ́nà, agídìgbo ń dún lórí gbogbo wa. Ẹnì kan sáré ní kí ó tì í sí òdìkejì. Ó tì í, gbogbo ẹṣin wá ń fi ìdí rìn, àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín, ó kúkú bà á jẹ́ tán. Olóyè àgbà nu ọwọ́ rẹ̀, ó dìde, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ìyókù dìde tẹ̀lé e.

Baba mi ti dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ń wí pé, “Ẹ gbà mí, ayípo ni, ayípo kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn.” Àwọn àgbà ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Baba mi kò mọ ẹ̀bi kankan, ìyẹn ni wọ́n ṣe pẹ́ nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ní ó fẹ́ gba ipò ẹni tó jù ú lọ ní Ìbàdàn, ilé rẹ̀ lè di ahoro kí oòrùn tó wọ̀. Baba ogun wa mọ èyí, ó fa àáké yọ, ó la ẹṣin wọ̀nyẹn, ó sọ wọ́n sínú iná tí wọ́n fi ń sun àgbò. Lẹ́yìn náà ló di ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mú, ó wọ́ ọ tẹ̀lé olóyè àgbà dé ẹnu ọ̀nà, ó wólẹ̀. Ó ní, “Ọmọ ẹni tó gbé mi ṣáájú yín nìyí. Kí ó máa ṣáájú yín lọ sójú ogun.”

Kò jẹ́ kó padà wá mú aṣọ nílé.

Nígbà tí àwọn ológun dé láti Ìjàyè, wọ́n kó ẹrú, wọ́n kó ẹrù, ariwo ayọ̀ gba ìlú. Ìyá mi dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń wo ojú gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ẹnì kan ní òun rí i tó ṣubú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn ní òun kò mọ ẹni tí à ń wí. Baba mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n padà sídìí odó gbígbẹ́, ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá fẹ́ ran òwú, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ òwú lọ, nítorí baba mi kò lè wo ohun tó ń yí mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ẹ wá wo ayé òde òní. Ọkọ̀ ojú irin ń wọ Ìbàdàn. Ẹ̀yin ń lọ sí ilé ìwé, ẹ ń lọ sí Ṣáṣá kí ẹ sì padà wálé láìsí ẹni tó máa jí yín tà. Baba ogun kankan kò lè ránṣẹ́ wá mú ẹnì kan nínú yín. Ẹṣin gan-an, àfi ọjọ́ ọdún kí ẹ tó rí i. Àwọn ọmọ-ọmọ olóyè wọ̀nyẹn ṣì ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò jókòó síwájú, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni wọ́n fi ń jà á, wọn kò rí ọmọ ẹlòmíràn fi tán ìjà wọn mọ́. Àwọn èèyàn á máa wí fún mi pé, “Ìyá, ẹ dúpẹ́, ayé ti dára.” Mo gbà. Ó dára. Ó kàn pẹ́ kó tó dára ni, wọn ò sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi dúró dè é.