Ọ̀rọ̀ Tó Ṣẹ́kù Lẹ́nu Bàbá Ará Malaya

Nígbà tí kírénì gba ojú ọ̀run Dublin, tí gbogbo ayé ń kọ́lé, èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan ní Coolock níbẹ̀. Bàbá kan wà níbẹ̀, ará Malaya, tó ti ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ òkun kó tó fẹ́yàwó síbẹ̀. Àìsàn ìgbàgbé ti gba gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kò sì gbọ́ èdè Malaya. Ó wá ṣa àwọn ọ̀rọ̀ tí òyìnbó yá lọ́wọ́ àwọn ará ìlú bàbá rẹ̀ jọ, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ bàbá náà: bamboo, gong, compound, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn nìkan ló ṣẹ́kù tí wọ́n lè jọ sọ.

Èmi ni mo máa ń kà wọ́n fún bàbá láàárọ̀. Tí mo bá dé orí gong, á tẹ́tí títí, bí ẹni pé nǹkan ń dún. Ti compound ló yà mí lẹ́nu jù. Gbogbo bí a ṣe ń sọ “compound bàbá mi” n’Íbàdàn, àṣé ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Lọ́jọ́ kan mo kúnlẹ̀ kí i, bí wọ́n ṣe tọ́ mi, mo sì ka compound. Ojú rẹ̀ là.

“Adik,” ló wí.

Mo ní, “Sà.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi pè mí bẹ́ẹ̀. Tí n kò bá dáhùn, kò ní jẹun.

Mo bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tó túmọ̀ sí. Ojú rẹ̀ yí padà. “Nígbà tó ṣì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sọ fún mi pé àbúrò òun lòun máa ń pè bẹ́ẹ̀. Odò ẹ̀yìn compound wọn ló gbé e lọ ní kékeré.”

Mo gbé! Ìpè òkú ni mo ti ń jẹ́. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti pè, mo dákẹ́. Ọjọ́ kejì, kò jẹun. Ọjọ́ kẹta, ètè rẹ̀ ti gbẹ, nọ́ọ̀sì sì ti ń dárúkọ ọsibítù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ rẹ̀ dé. Mo sọ fún un pé n kò lè jẹ́ ìpè yẹn mọ́. Kò bá mi jà. Ó kúnlẹ̀ síbi tí mo máa ń kúnlẹ̀ sí, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, ó ní, “Compound.”

Bàbá wò mí, ó wá wò ó. “Adik?”

Ọmọ rẹ̀ dáhùn. Bàbá la ẹnu, ó sì jẹ abọ́ ọ̀dùnkún tó wà níwájú rẹ̀ tán.

Ọmọ rẹ̀ kò dìde. Ó ní, “Láti kékeré mi, kò pè mí jẹ́jẹ́ báyìí rí.”