Ta Ló Kọ́kọ́ Ṣe Yẹtí Ṣùkú?

Òórùn ásíìdì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí tí mo bá rántí ilé ọkọ mi ní Ọ̀yọ́. Tí wọ́n bá ju góòlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná jó sínú rẹ̀, èéfín rẹ̀ á ta mọ́ni nímú, á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá dé ibi tí mo ti ń dáná. Alágbẹ̀dẹ góòlù ni wọ́n láti ìran, yẹtí kan sì wà tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n, tí wọ́n ń pè ní yẹtí ṣùkú. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló yí i ká, gbogbo wọn á wá pàdé lókè bí irun tí wọ́n kó jọ sí àtàrí. Nígbà náà, kò sí ìyá olówó kan láàrin Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò ní fẹ́ fi í sí ọmọ rẹ̀ létí lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Kí SAP tó dé nìyẹn o, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba ológun tó sọ náírà di yẹpẹrẹ. Nígbà tó dé, tí góòlù di ọ̀wọ́n gógó, tí oníbàárà dín kù, ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ tó ti lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́ di ọ̀tá ara wọn. Ọkọ mi ń sọ fún oníbàárà pé bàbá àwọn ló dá ṣùkú sílẹ̀, òun àkọ́bí ló sì jogún rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní irọ́ ni, pé bàbá bàbá àwọn ti ń fi ṣílè fàdákà ṣe é kí wọ́n tó bí bàbá àwọn, kò sí ọmọ tí kò ni ín. Ó gbé pátákó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀dọ̀ òun nìkan ni ojúlówó ṣùkú wà.

Ọ̀rẹ́ mi, pátákó yẹn ló da ilé rú. Ọjọ́ tí ìròyìn rẹ̀ kàn wá, ọkọ mi mú òòlù, ó wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́. Mo tẹ̀ lé e nítorí pé ojú rẹ̀ kò dára. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fọ́ pátákó, ó wọlé, ó fọ́ gíláàsì tí wọ́n kó yẹtí sí. Àbúrò rẹ̀ dìde láàrin àfọ́kù, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lápá rẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ! Ìwọ lo fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi!"

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, n kò gbọ́ kó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ìwọ" rí. Ọkọ mi tún gbé òòlù sókè, èmi àti àwọn ará àdúgbò la dì í mú. Nígbà tí Iléyá dé, a fi ẹran ránṣẹ́ sí àbúrò náà, ó dá a padà. Ẹran náà ti ń rùn kó tó padà dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá wọn ní kí n lọ sin ín sẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ń gbé mi ṣépè bí ẹni pé èmi ni mo bà á jẹ́.

Ìyá tèmi, tó ń ṣòwò ẹ̀gẹ́ ní Ìresà, ló sọ fún mi pé ìyálé ìyá ọkọ mi ṣì wà láyé, ní Ìkòyí-Ilé. Kò bímọ, nígbà tí ìyá ọkọ mi bí ọkùnrin méjì tẹ̀ léra, wọ́n fojú rẹ̀ rí màbo títí ó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa. Mo lọ bá a. Ẹ̀pà ni ó ń pa lábẹ́ igi. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ìjà náà, mo bẹ̀ ẹ́ kó wá bá wa sọ ohun tó mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín tí kò dùn.

"Màá wá," ó ní. "Kì í ṣe nítorí kí wọ́n má jà o. Mo fẹ́ sọ ọ́ lójú ìyá wọn ni."

Nígbà tí ìyá àgbà náà dé sílé wa ní Ọ̀yọ́, àbúrò ọkọ mi náà wá, nítorí ó rò pé ẹ̀yìn òun ló máa gbè sí. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ̀ kò jókòó. Ìyá àgbà kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Onídìrí ni mí nígbà yẹn. Yẹtí pẹlẹbẹ ni bàbá yín ń ṣe. Èmi ni mo mú ìda tó fi ń mọ àwòrán yẹtí kó tó da góòlù, tí mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ fa ìlà irun sí i lára. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ síta, pé ẹnikẹ́ni ò ní ra iṣẹ́ obìnrin."

Ó ní kí n bu ìda wá. Ó fa ìlà méjì gba orí ara wọn, ó fi àtàńpàkò pa á rẹ́, ó tún un fà. Nígbà tó ṣe, ṣùkú dúró ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi dìde, wọ́n já ìda náà gbà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Àgàn! O ò rọ́mọ bí, yẹtí lo wá ń pè lọ́mọ."

"Ọmọ tí ìwọ bí ló ń fọ́ra wọn lórí nítorí ọmọ tèmi."

Mo rò pé ojú máa ti àwọn ọkùnrin náà. Àbúrò ọkọ mi wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló mú obìnrin yìí wá sílé bàbá wa?"

Ó ti padà sí "Ẹ̀gbọ́n." Ọkọ mi nawọ́ sí mi, àwọn méjèèjì sì kọjú sí mi. Ọjọ́ náà ni ìjà wọn parí, wọ́n jọ lé ìyá àgbà jáde ni. Mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Kò dúpẹ́, kò sì bú mi. Ó kàn sọ pé, "Ìwọ ló kù tí wọ́n máa bá jà," ó wọ mọ́tò.

Wọ́n kọ pátákó tuntun, ọ̀kan náà ní ìlú méjèèjì, pé bàbá bàbá àwọn ló dá ṣùkú sílẹ̀, bàbá àwọn ló tún un ṣe. Nígbà tí ìyá àgbà kú, èmi àti ìyá mi nìkan la lọ sí Ìkòyí-Ilé. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé kì í ṣe òtítọ́ ni wọ́n ń wá nígbà tí wọ́n ń jà. Irọ́ tí ó máa gba àwọn méjèèjì láyè ni wọ́n ń wá, èmi ni mo sì bá wọn rí i. Ó dùn mí títí. Àmọ́ ó tún yé mi pé tí ẹnu tèmi náà bá pa mọ́, obìnrin yẹn kò gbé ayé rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan gbé yẹtí náà sọ́wọ́, ó ní, "Ìyàwó, ta ló kọ́kọ́ ṣe irú èyí?" Ọkọ mi ń fẹ́ná nítòsí. Mo ní ìyálé ilé yìí ni, onídìrí tó kú sí Ìkòyí-Ilé. Ọkọ mi gbọ́. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ tí mo gbé fún un lọ́jọ́ náà. Mo fa abọ́ náà sọ́dọ̀, mo jẹ ẹ́ tán.