Rọ́bà Táyà Lẹ́nu Ìgò Tòmátì

Ẹ lọ béèrè mi ní Old Garage ní Òṣogbo. Láyé ìjọba àwọn ṣójà, kò sí awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Iléṣà tí kò mọ ibi tí mo pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mi sí. Fọkanáísà ni mí. Táyà tí mo bá lẹ̀, ó lẹ̀ náà nìyẹn. Àwọn tó ka ìwé rẹpẹtẹ máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò wọn, wọ́n á dúró sínú oòrùn, wọ́n á máa wo ọwọ́ mi bí ẹni ń wo dókítà. Èmi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́rin, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti afẹ́fẹ́, kí ó má jáde, kí ó má wọlé, èmi ni kí ẹ bi. Mi ò fọ́nnu. Bó ṣe rí ni mo ń sọ.

Ohun tí mo mọ̀ jù lọ yìí gan-an ló dójú tì mí.

Ọmọ Iléṣà ni mí, àmọ́ Òṣogbo ni mo ti fẹ́ ìyàwó. Ilé Mùsùlùmí ló ti wá, ó sì tẹ̀lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìjanpata. Agboolé wa ní Iléṣà tóbi, àwọn ìyàwó ilé pọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá sì dé kẹ́yìn ni yóò máa pọnmi, ni yóò máa fọ abọ́. Lọ́dọọdún, tí a bá ṣe ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tán, gbogbo ẹbí àti àlejò á ti ibi ìsìn padà sí agboolé láti jẹun. Abọ́ ni ìyàwó mi máa ń fọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn kì í jẹ́ kó sún mọ́ ìkòkò. Wọ́n ní kí ni ará Òṣogbo mọ̀ nípa ọbẹ̀ tí Ìjẹ̀ṣà fi ń jẹ iyán. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Tí a bá wá padà dé ilé wa, á dákẹ́ lọ bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló máa ń pín iṣẹ́ fáwọn ìyàwó yòókù. Ìyá Àgbà là ń pè é. Ó ti wà nínú agboolé kí wọ́n tó bí mi, àmọ́ nítorí pé ọmọ ilé ni mí, ọkọ ni mo jẹ́ sí i. "Ọkọ mi kékeré" ló ń pè mí, bí mo ṣe ga tó yìí.

Ní ọdún kan, nígbà òjò, a lọ kí wọn. Ìyá Àgbà ń ráhùn pé tó bá ti di ìgbà ìkórè, tòmátì á di ohun tí a ń fojú wá, pé àwọn ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ láti Òkè Ọya kì í rí epo rà. Ìyàwó mi gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin màmá, mo lè fi tòmátì pamọ́ sínú ìgò láti ìsinsìnyí. Kò ní bàjẹ́ títí ìkórè á fi dé."

Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ìgò! Ṣé ọtí ni?"

Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tó bá ṣeé ṣe, ìwọ lo máa se ọbẹ̀ ìkórè ọdún yìí. Tí kò bá ṣeé ṣe, o mọ ibi tí abọ́ wà."

Nígbà tí a ń padà lọ sí Òṣogbo, ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú nínú ọkọ̀. Ó ní, "Kí wọ́n ṣáà fi ìkòkò yẹn lé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ṣebí èmi ni ọkọ rẹ̀.

Èmi náà ni mo lọ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lọ ra tòmátì. Lásìkò yẹn, ẹ̀gbẹ́ títì ni àwọn àgbẹ̀ ń kó o sí nínú apẹ̀rẹ̀, ó pupa títí ó fẹ́ bẹ́. Awakọ̀ tí mo máa ń lẹ táyà fún ló bá mi kó o délé. Ìyàwó mi ṣa èyí tó ti rà kúrò, ó fọ ìyókù, ó lọ lọ̀ ọ́, ó dà á sínú àpò, ó gbé òkúta lé e lórí kí omi rẹ̀ ro dànù. Ó wá sè é lórí iná igi títí tó fi ki. Ìgò tíì ni ó ń bù ú sí, àwọn ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò yẹn, ó ti kọ́kọ́ sè wọ́n nínú omi gbígbóná. Ó bu òróró díẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí. Tó bá dé e tán, á tún to ìgò náà sínú ìkòkò omi, á tẹ́ aṣọ sí ìdí wọn kí wọ́n má fọ́, á sè wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, mi ò lè purọ́.

Ìgbà tó kan ìdérí ni mo sún mọ́ ọn.

"Èyí lo fẹ́ fi dé e?"

"Ìdérí rẹ̀ náà ni. Mo ti sè é."

"Wo páálí inú ẹ̀, ó ti jẹrà. Afẹ́fẹ́ á máa wọlé, á máa jáde, bí ẹni ń lọ Ọjà Ọba."

"Bẹ́ẹ̀ ni màmá mi ṣe máa ń dé e, kì í bàjẹ́."

"Màmá ẹ kì í ṣe fọkanáísà."

Mo wọlé, mo mú túùbù ògbólógbòó kan jáde, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e róbótó róbótó, mo fi sọ̀lúṣọ̀n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí. Sọ̀lúṣọ̀n yẹn ni gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ túùbù. Mo lẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó dùn ún wò.

Ìyàwó mi gbé ọ̀kan sí imú. "Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Nǹkan yìí ń rùn."

"Níbo ló ti ń rùn?" Mo gbà á, mo fà á sí imú tán pátápátá. Mi ò gbọ́ òórùn kankan. Ẹni tó ti ń gbé inú òórùn rọ́bà àti sọ̀lúṣọ̀n láti ìgbà tó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, kí ló tún kù tó fẹ́ gbọ́? Òórùn náà ti di ti ara mi, àmọ́ mi ò mọ̀. Mo ní, "Imú ẹ ló ń ṣe ẹ́."

Àwọn tí a jọ ń gbé ilé ti jáde wá wòran. Obìnrin yàrá kejì ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kúkú wọn afẹ́fẹ́ ẹ̀ kí ẹ tó dé e!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo tún ṣàlàyé fún wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ba oúnjẹ jẹ́, bí ẹni pé èmi ni mo dá afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó mi wò mí, ó wò wọ́n. Kí ni ó fẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo ará ilé yẹn? Ó gba àwọn ìdérí náà lọ́wọ́ mi, ó dé gbogbo ìgò, ó tò wọ́n sínú omi gbígbóná. Bí iná ṣe ń mú wọn ni rọ́bà ń yọ́ òórùn rẹ̀ sínú òróró, àmọ́ ta ló mọ̀? A kì í ṣí irú ìgò bẹ́ẹ̀ wò. Tí o bá ti ṣí i, o ti bà á jẹ́ nìyẹn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló tò wọ́n sí títí ìkórè fi dé.

Lọ́jọ́ ìkórè, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Àwọn ọkùnrin jókòó síta pẹ̀lú àlejò, a ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gúnyán lẹ́yìn ilé. Ẹnu mi ò dúró. Mo sọ fún àlùfáà àlejò pé ìyàwó mi ló ń se ọbẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi ni mo dé ìgò tòmátì náà fúnra mi, pé tí ó bá wù wọ́n kí wọ́n fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, nǹkan kan ò ní ṣe é. Ó ń mi orí, ó ń ní, "Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ yín."

Ìgbà náà ni àbúrò bàbá mi kan, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, gbé imú sókè.

"Ta ló ń sun táyà nítòsí ibí?"

Ẹlòmíràn náà gbóòórùn rẹ̀. "Táyà ni lóòótọ́. Lọ́jọ́ ìkórè!"

Èmi ò gbọ́ nǹkan kan, àmọ́ ọ̀rọ̀ táyà ni, ta ló yẹ kó dìde bí kò ṣe èmi? Mo fò dìde. Mo yí ilé po, mo ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ àdúgbò pé ẹni tí mo bá ká mọ́ ìdí iná táyà, màá nà án. Mi ò rí iná. Mo yí dé ẹ̀yìnkùlé, mo rí gbogbo ìyàwó ilé, wọ́n tò yí ìkòkò ìyàwó mi ká.

Ìyá Àgbà yíjú sí mi. "Ọkọ mi kékeré, ṣé o ti rí táyà tó ń jó?"

"Mi ò tíì rí i, Ìyá Àgbà."

"Wo inú ìkòkò."

Ẹ̀rín tú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, á gbé wa dé Àkúrẹ́, táyà wa ò sì ní jò!" Òmíràn ní, "Àlùfáà ò ní wọkọ̀ lọ sílé mọ́, á yí lọ ni." Ìyá Àgbà bu ọbẹ̀ sí mi ní àtẹ́lẹwọ́. Mo lá a. Imú mi ò gbọ́ ọ, àmọ́ ahọ́n mi gbọ́ ọ. Ó rí bí ìgbà tí mo fi eyín fa túùbù ya. Àlùbọ́sà wà níbẹ̀, ẹran wà níbẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé, bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi jókòó sáàárín gbogbo rẹ̀.

Ìyàwó mi dúró, ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wò mí. Ó ń wo ìkòkò bí ẹni pé tó bá wò ó pẹ́, ó lè yí padà.

Mo ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi. Èmi ni mo fi rọ́bà sí i. Ó sọ fún mi pé kí n má ṣe é."

Ìyá Àgbà ní, "A mọ̀. Ta ló tún ń lẹ táyà nínú ẹbí yìí? Àmọ́ ìwọ kọ́ ni mo fún ní ìkòkò." Ó na ọwọ́ sí ìyàwó mi, ìyàwó mi sì fi ṣíbí lé e lọ́wọ́. "Ìyàwó, lọ bá wa fọ abọ́."

Wọ́n sáré se ẹ̀gúsí. Àwọn àlejò jẹ iyán tó ti tutù. Kò sí ẹni tó bá mi jà, ìyẹn gan-an ló burú jù. Ní ìta tí mo jókòó sí, mò ń gbọ́ ìró abọ́ lẹ́yìn ilé, tí wọ́n ń kan ara wọn nínú omi. Wọ́n ní kí n wá fi ẹ̀gúsí jẹ iyán. Mo ní mo ti yó.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, mò ń retí ìjà. Mo tilẹ̀ ti múra ohun tí mo máa sọ sílẹ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Òṣogbo kí ó tó lanu.

"Tí ẹ bá ń lẹ táyà, ṣé mo máa ń wá fi ata sí i?"

Gbogbo ohun tí mo múra sílẹ̀ bá pòórá.

Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, ó lọ sí Ìpetu fúnra rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́rí. Mo ń gbọ́ ìró ìgò, mi ò kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí ìkórè dé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ìgò lọ sí Iléṣà, kò sì sí ẹni tó rán an. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà.

"Ẹ̀yin màmá, mo tún ṣe òmíràn."

Ìyá Àgbà wò ó títí. Ó ní, "Kó gbogbo ẹ̀ wá síbí."

Wọ́n tò wọ́n sórí àga ní gbangba. Ìyá Àgbà ṣí ọ̀kan, ó gbé e sí imú, ó gbé e fún ìyàwó tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e fún ẹlòmíràn. Wọ́n tún ṣí òmíràn. Ìyàwó mi kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró bí ẹni tí àwọn ṣójà dá dúró lójú ọ̀nà tí wọ́n ń tú ẹrù rẹ̀. Ìgò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kò sí èyí tí wọn ò ti imú bọ̀. Kì í ṣe òun ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wò ó láti ìgò kìíní dé èyí tó kẹ́yìn, ara mi ń gbóná bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń gbóòórùn.

Ìyá Àgbà gbé ìgò tó kẹ́yìn sílẹ̀. Ó ní, "Gbé ìkòkò kaná."

Ìkòkò ìkórè wúwo. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, èmi náà sì sún mọ́ ọn kí n bá a gbé etí kejì. Gbogbo wọn ké mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà:

"Má fọwọ́ kàn án!"

Mo padà síta, mo jókòó. Ọbẹ̀ náà dùn, àlejò ń bù ú kún. Ọ̀kan nínú wọn yíjú sí mi, ó ní òun gbọ́ pé inú ìgò ni tòmátì yẹn ti wá láti ìgbà òjò, báwo la ṣe ṣe é?

Mo ní kó bi ìyàwó mi.