Fọ́tò Epo Tó Júwe Ilé Wa

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí ọkùnrin àjèjì kan dé ilé wa ní Ifangni, ní orílẹ̀-èdè Benin. Èmi nìkan ni mo wà nílé.

"Fọ́tò epo tó o fi ránṣẹ́ ló júwe ilé yín," ó ní. "Ṣé kò sẹ́lòmíì níbí?"

Òun ló kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé òun fẹ́ ra epo pupa wa. Kí pupa epo lè hàn dáadáa ni mo ṣe fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí i bíi fáìlì, kì í ṣe bíi àwòrán lásán. N kò mọ̀ pé fóònù ti fi ibi tí ilé wa wà pamọ́ sínú rẹ̀.

Bó ṣe fẹ́ wọlé ni ìyá mi ti oko dé, mo sì sọ fún un pé fọ́tò ló mú ọkùnrin náà wá.

"Mùsíè, ṣé fọ́tò ló ní kẹ́ ẹ wọlé ni? Ọjà Igolo la ti ń ta epo!"

Ó yí padà, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa ètò tó ń fi ibi tí a wà sínú fọ́tò nínú kámẹ́rà. Mo ṣì ń ya epo wa ní fọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ rà á máa pè mí, èmi ni màá sì sọ ibi tí a ó ti pàdé.