Bàbá Tó Wà ní Ilé Ìkẹ́rùsí

Òórùn gírísì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ló máa ń gbé mi padà sí Ṣikágò, ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo rò pé kò sí ohun tó kọjá agbára mi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó mú mi wọ iṣẹ́ náà, la ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé ìkẹ́rùsí kan níhà Tinley Park. Iṣẹ́ wa ni kí bẹ́líìtì gígùn tó ń gbé páálí lọ síbi ọkọ̀ má dúró, bó ti wù kí òtútù mú tó. Ẹ̀rọ tó ń yí bẹ́líìtì náà ti gbó. Tí a bá tan án, á kọ́kọ́ kérora bí àgbàlagbà tó fẹ́ dìde lórí ẹní, la bá sọ ọ́ ní Bàbá. Ẹ̀gbọ́n kì í kọjá lára rẹ̀ láàárọ̀ láìkí i: "Bàbá, ṣé ẹ jíire?"

Bàbá níwà. Nígbà òtútù, gírísì inú rẹ̀ á dì bí òrí lásìkò ọyẹ́. Tí èèyàn bá tan án pẹ̀lú ẹrù lórí bẹ́líìtì, ẹ̀rọ náà á jóná. A máa ń kó ẹrù kúrò lórí rẹ̀ ká tó lọ sílé, a ó dojú hítà kékeré kọ ọ́, tó bá sì di àárọ̀, á kọ́kọ́ yí lófìfo títí ara rẹ̀ á fi yá. Èmi àti ẹ̀gbọ́n nìkan la mọ ìwà yìí, ìdí nìyẹn tí ọ̀gá wa fi sọ pé kò sẹ́ni tó máa gba ìsinmi lọ sílé nínú wa títí yìnyín á fi yọ́.

Bàbá tó bí mi sì wà lórí àìsàn ní Ìṣẹ́yìn. Mo ránṣẹ́ pé kí wọ́n dúró dè mí, pé tí òtútù bá ti lọ, màá wá. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé ọwọ́ wọn ló wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ mi, fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n ni.

"Àbúrò, Bàbá ti kú o! Just come, jàre." Ó sì gbé e sílẹ̀.

Mo ṣubú lulẹ̀ nínú kíṣìnì. Mo sunkún débi pé aládùúgbò mi wá kan ilẹ̀kùn. Mo wakọ̀ nínú yìnyín lọ bá ẹ̀gbọ́n níbi iṣẹ́, kí n ṣáà lè rí ẹni dì mọ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, gírísì kún ọwọ́ rẹ̀.

"Àwọn tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn lánàá ò kó ẹrù kúrò lórí ẹ̀," ló wí. "Wo bó ṣe freeze! Gbé hítà yẹn wá."

Ẹ̀rọ ló kú! Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n jí òkú rẹ̀ dìde. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rí ojú mi, ó ní, "Ha, àbúrò, sorry, mi ò ronú síbẹ̀ rárá." A rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín, títí Bàbá fi kérora, tó sì yí.

Yìnyín ò tíì yọ́ tán nígbà tí àbúrò mi obìnrin pè mí láti ilé. Ohùn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ti kú."

"Bàbá wo?" ni mo bi í.

Ó wá ní, "Bàbá mélòó la ní?"

Mo dúró de ẹkún, kò wá. Mo ti sun ún tán fún irin.

Mo ti dàgbà báyìí. Ẹ̀rọ oníná ló ń ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì mi, tí òtútù bá sì mú, á kérora kó tó gbéra. Àwọn ọmọ mi á ní, "Dad, just buy a new one." Mi ò lè rà á. Mo máa ń dúró níwájú rẹ̀, màá sì kí i pé, "Bàbá, ṣé ẹ jíire?" Mi ò sì mọ Bàbá wo ni mò ń kí.