Ọ̀pẹ Tí Àwọn Awọnlẹ̀ Bá Lójú Ìlà

Nígbà tí iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa l'Ọ̀kà, apá líle àti àdá mímú nìkan ni wọ́n ń béèrè. Ìkàrẹ́ ni àwọn awọnlẹ̀ pàgọ́ sí, wọ́n ń wọn ilẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa nítorí ọ̀nà tuntun tí ìjọba fẹ́ là. Àwọn àgbẹ̀ sọ ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ ń bá wọn gé igbó, wọ́n ń bá wọn fa ṣéènì tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Bàbá mi wà lára wọn. Ìyá mi a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Àgbẹ̀ ti di òyìnbó, ta ni yóò wa iṣu?" Bàbá mi a rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ọ̀gá awọnlẹ̀ mú wọn sínú iṣẹ́ oṣù, kí wọ́n yé jẹ́ alágbàṣe tí òjò lásán lè dá padà sílé.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Àwọn ọmọ tó ti ka Sítáńdáàdì Síìsì bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí àgọ́ Ìkàrẹ́. Wọ́n lè ka nọ́ńbà, wọ́n sì lè kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọlé, àgbẹ̀ kan á jáde. Inú àwọn ọmọ náà ń bí mi títí dòní, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣẹ̀ mí. Bàbá mi rí i pé ó ń bọ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Wọ́n wá ń jí lọ síbi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo èèyàn, wọn kì í ráhùn, wọn kì í jiyàn.

Ọ̀pẹ kan wà lóko wa. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n sin ìwọ́ àbúrò mi ọkùnrin sí nígbà tí wọ́n bí i, ọ̀pẹ náà sì di tirẹ̀, bí àṣà wa. Èéyi pa àbúrò mi kó tó mọ̀ ọ́n sá eré. Wọn kì í fi ojú oórì ọmọ han òbí, nítorí náà ọ̀pẹ yẹn nìkan ló kù fún ìyá mi. Àwọn ló ń ro ìdí rẹ̀, wọn a sì kí i bí ẹni ń kí ọmọ: "Ṣé o jí ire?"

Lọ́jọ́ tí ìlà tí àwọn awọnlẹ̀ ń là dé oko wa, èmi ni mo gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi. Ọ̀gá fojú sí awò tó fi ń wo ìlà, ó na ọwọ́ síwájú, ọ̀pẹ náà ló sì wà níbẹ̀ gan-an. Bàbá mi wò ó. Wọ́n wo àwọn ọmọ oníwèé tó dúró nítòsí. Mo ń retí kí wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé àáké, wọ́n gé e, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tó ṣubú, wọ́n nu ojú, wọ́n ní òógùn ni.

Ìyá mi gbọ́ nírọ̀lẹ́. Wọ́n se oúnjẹ, wọ́n bù ú fún bàbá mi, wọn ò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi yan àwọn tí yóò wọ iṣẹ́ oṣù. Oníwèé ni gbogbo wọn. Mo tẹ̀lé bàbá mi lọ bá a n'Íkàrẹ́.

"Bàbá, ẹ ṣiṣẹ́ gan-an," ni ó wí, "ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀wé ni ìjọba ní kí n mú."

"Ọ̀gá, ọ̀pẹ ọmọ mi tó kú ni mo gé fún iṣẹ́ yìí." Bàbá mi wá sọ ọ̀rọ̀ ìwọ́ fún un.

Ọ̀gá ṣí fìlà. Ọmọ Yorùbá lòun náà. "Háà, Bàbá! Kí ló dé tí ẹ ò sọ? À bá yà fún un. Ṣebí ẹ rí wa níbi àpáta tó wà lójú ìlà: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la gbà, a sì padà bọ́ sójú ìlà níwájú."

Lóòótọ́ ni bàbá mi rí wọn níbi àpáta. Bàbá mi rò pé ohun tí àáké kò lè gé nìkan ni awọnlẹ̀ ń yà fún.

Ẹsẹ̀ la fi rìn padà s'Ọ̀kà. Nígbà tí ilé kù díẹ̀, bàbá mi dúró. "Má sọ fún ìyá ẹ pé wọn ì bá yà."

Mi ò sọ. Títí ìyá mi fi kú, tí wọ́n bá ti rántí ọ̀pẹ yẹn, wọn a ní, "Kí ni bàbá ẹ ì bá ṣe? Dandan ni, iṣẹ́ ìjọba ni."

Èmi a ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."